Ìbọn tí wọn kò rọ mọ́ àti ìbọn tí gbogbo ayé ń rọ: èwo ni kí n rà?

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mò ń gbé pẹ̀lú ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjì. Mo fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ kan ṣoṣo tí yóò wà nílé fún ààbò, tí n óò sì máa gbé lọ sí pápá ìyìnbọn lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù méjì. Oníṣòwò kan ní Smith & Wesson 4506 kan tó jẹ́ àlòkù ọlọ́pàá. Ó mọ́, owó rẹ̀ kò ga jù, ó sì bá ọwọ́ mi mu bí mo ṣe dì í mú. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan ní wọn kò rọ ọ́ mọ́, pé bí nǹkan kan bá kán lára rẹ̀ ó di irin lásán, kí n lọ ra ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ń pè ní 1911, nítorí ẹ̀yà 1911 kún ìgboro, èyíkéyìí sì máa ń bá èyíkéyìí mu. Ṣé òótọ́ ni? Èwo ni kí n rà? Ìkejì, bí mo bá padà sí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ iwájú, ṣé mo lè gbé e dání?"

Ẹ kú ìbéèrè, ọ̀gbẹ́ni. Kí n kọ́kọ́ mú ìbéèrè kejì kúrò lọ́nà, nítorí ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: rárá o. Òfin ìbọn tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà lọ́dún 1959, tó ṣì wà nínú ìwé òfin, ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Ààrẹ. Kò sí ní ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú ìbọn ọdẹ. Ìjọba Amẹ́ríkà pẹ̀lú kò gbà kí èèyàn dì í sínú àpótí ẹrù kó sì gbé e kúrò nílùú láìgba àṣẹ. Ọjọ́ tí ẹ bá ń múra àtilọ sílé, oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ tà á fún. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lọ, nítorí ó túmọ̀ sí pé ìbọn tí ẹ óò tà lọ́jọ́ kan lẹ fẹ́ rà, kì í ṣe èyí tí ẹ óò fi jogún fún ọmọ ní Ẹ̀gbá.

Ní ti ìbéèrè àkọ́kọ́, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tún ìbọn ṣe ní ìpínlẹ̀ Texas yìí, ìbọn méjèèjì tí ẹ dárúkọ sì ti kọjá lórí tábìlì mi lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe ẹ̀rù asán, ọ̀rẹ́ yín kò sì parọ́, ṣùgbọ́n ó lọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta pọ̀ mọ́ra: pé wọn kò rọ ìbọn kan mọ́, pé ẹ̀yà rẹ̀ kò sí, àti pé kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá dàgbà nílé ti mọ èyí láti ara ọkọ̀. Nígbà tí wọn kò ṣe Peugeot 504 mọ́, ẹni tó ní i kò sunkún, nítorí ẹ̀yà rẹ̀ wà ní Ládìípọ̀, mẹkáníìkì tó lè fi etí lásán mọ àìsàn rẹ̀ sì wà ní gbogbo ìgboro. Bẹ́ẹ̀ la sì rí ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣì ń ṣe é títí di òní, tí èèyàn á dúró oṣù mẹ́ta kí bẹ́líìtì kan tó dé. Ohun tó yẹ kí a máa bi ara wa nípa ìbọn tí wọn kò rọ mọ́ ni pé: kí ló máa ń bàjẹ́ lára rẹ̀, níbo ni a ti lè rí i rà, ta ló sì lè fi í sí i bó ṣe tọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí wọ́n fi dáwọ́ 4506 dúró, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ohun tí ilé iṣẹ́ bá pa tì, àbùkù ló ní. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ní ìtumọ̀: 45 ni irú ọta tó ń jẹ, òdo tó tẹ̀ lé e ń sọ pé ìbọn ńlá ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n gé kúrú, 6 tó gbẹ̀yìn sì ń sọ pé irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ṣe é lókè àti nísàlẹ̀. Ìran tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Model 39 ní 1955 ló ti wá, èyí tí àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Illinois gbà ní 1967, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ṣì ń gbé ìbọn tí ilé ọta rẹ̀ ń yí. Ìbọn 645 jáde ní 1985, 4506 sì gba ipò rẹ̀ ní 1988. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1986 ni ìjà ìbọn kan ní Miami pa òṣìṣẹ́ FBI méjì, láti ìgbà náà ni àwọn ọlọ́pàá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọta tó tóbi ju èyí tí wọ́n ń lò lọ, àsìkò náà sì dára fún ìbọn bíi 4506. Ohun tó wá lé e kúrò lọ́jà ni owó. Irin gidi ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ̀yà kéékèèké inú rẹ̀ sì pọ̀, èyí tó túmọ̀ sí wákàtí iṣẹ́ lórí wákàtí iṣẹ́. Glock, tí àwọn ọmọ ogun Austria ti gbà ní 1982, dé pẹ̀lú ìsàlẹ̀ oníke, ẹ̀yà rẹ̀ kò pọ̀, ó fúyẹ́, owó rẹ̀ sì rọrùn fún ìjọba ìlú tó fẹ́ ra ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Smith & Wesson fúnra wọn gbé ìbọn oníke jáde ní 1994, nígbà tó sì fi di 1999, ìgbà 4506 ti tán. Kì í ṣe pé kì í yìn. Kì í ṣe pé ó ń pa olówó rẹ̀ lára. Àwọn ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi èyí tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ dí lára owó tuntun. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni èyí tó wà níwájú oníṣòwò yín gbà débẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni 1911 gbà. John Moses Browning ló ṣe é, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì gbà á ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1911, lẹ́yìn ìdánwò tí wọ́n ti yin ọta 6,000 nínú ìbọn kan ṣoṣo tí kò sì há. Ó wà lọ́wọ́ wọn títí di 1985 tí Beretta gba ipò rẹ̀. Ìtàn yẹn dùn, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló jẹ́ kí ẹ̀yà rẹ̀ kún ìgboro. Ogun ló fà á. Nígbà ogun àgbáyé kejì, Colt nìkan kò lè rọ iye tí ìjọba ń fẹ́, ni ìjọba bá kó ìwọ̀n àti àwòrán rẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ tí kò tilẹ̀ rọ ìbọn rí. Remington Rand, àwọn tó ń ṣe táípúráítà, rọ ju 800,000 lọ. Singer, tí àwọn ìyá wa mọ̀ fún ẹ̀rọ ìránṣọ, rọ 500 péré, àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ sì ń fi owó ńlá wá wọn kiri lónìí. Níwọ̀n bí ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe é sì ti tán lórí àwòrán náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ àti ìwé àṣẹ lè rọ ọ́. Colt ń rọ ọ́, Springfield Armory ń rọ ọ́, Ruger ń rọ ọ́, wọ́n ń rọ ọ́ ní Philippines àti Turkey, Smith & Wesson tó dáwọ́ 4506 dúró gan-an ti ń rọ 1911 tirẹ̀ láti 2003. Bí ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa ló ṣe rí: kò sí ilé iṣẹ́ kan tó ni í, nítorí náà kò sí ilé iṣẹ́ tó lè kú kó gbé e lọ, bí nǹkan kan bá kán lára rẹ̀, alágbẹ̀dẹ tó wà nítòsí á fi iná sí irin. Ní ibi yìí, òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rẹ́ yín sọ.

Ibi tó ti ṣì í ni ibi tó ti ní èyíkéyìí bá èyíkéyìí mu. Nígbà ogun, bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ìjọba kan ló ń wọn gbogbo rẹ̀. Lónìí, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń wọn tirẹ̀. Ìyàtọ̀ tó tín-ín-rín bí ìwé tíṣù lè mú kí ẹ̀yà kan wọlé ṣinṣin nínú ìbọn kan, kó sì máa mì nínú òmíràn. Láti 1983 ni Colt sì ti fi ẹ̀yà kún inú tirẹ̀ láti máa di abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta mú, àwọn kan tẹ̀ lé e, àwọn kan kò tẹ̀ lé e, nítorí náà irin òkè ti ọ̀kan, èyí tó ń sún sẹ́yìn bí ìbọn bá yìn, lè má bá ìsàlẹ̀ ti èkejì ṣiṣẹ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, oníbàárà kan gbé 1911 rẹ̀ wá. Ó ra ìdènà ẹ̀gbẹ́ tuntun, irin kékeré tí a ń gbé sókè kí ìbọn má bàa yìn, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé kò nílò fífá, ó sì fi í sí i fúnra rẹ̀ nínú gáréèjì. Nígbà tí mo gbé ìdènà náà sókè, tí ìbọn náà sì yẹ kó ti sùn, mo fa trígà rẹ̀ láìsí ọta nínú, òòlù, irin ẹ̀yìn tó ń lu abẹ́rẹ́, sì wálẹ̀. Ó ti ń gbé e sí ìbàdí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìdènà yẹn, fáìlì ni a ń fi fá a díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá irin kékeré tó ń di òòlù mú pàdé ní ojú ibi tó yẹ. Nítorí náà, kí ẹ̀yà wà lọ́jà jẹ́ ohun kan, kí ó wọlé jẹ́ ohun mìíràn, owó ọwọ́ alágbẹ̀dẹ sì wà láàárín méjèèjì. Àǹfààní 1911 ni pé alágbẹ̀dẹ ìbọn tó mọ̀ ọ́n kò wọ́n. Fún 4506, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lónìí kò tíì tú u rí, àwa àgbà tó mọ inú rẹ̀ sì ń dín kù. Èyí jẹ mí lógún ju ọ̀rọ̀ ẹ̀yà lọ.

Kí ló wá máa ń bàjẹ́? Lára 4506, ohun tí mo ń pààrọ̀ jù ni sípíríìngì, pàápàá èyí tó ń ti irin òkè padà síwájú lẹ́yìn ìyìn kọ̀ọ̀kan àti èyí tó wà nínú mágásíìnì, ìyẹn àpótí kékeré tí a ń to ọta sí. Wolff ní Pennsylvania ṣì ń tà wọ́n ní tuntun, wọn kò sì wọ́n. Èèkù rẹ̀ jẹ́ ike tí wọ́n ṣe lódindi, tó yí ìdìmú ká láti ẹ̀yìn. Bí ó bá là, ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti ń ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n a ṣì ń rí ti rọ́bà rà. Mágásíìnì rẹ̀, tó ń gba ọta 8, wà lọ́jà àlòkù. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké yòókù, ara ìbọn tí wọ́n tú palẹ̀ ni a ti ń rí wọn, bó ti rí ní Ládìípọ̀ gan-an, ọjà bẹ́ẹ̀ kì í sì í pọ̀ sí i, ńṣe ló ń tán lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: ìbọn ọlọ́pàá máa ń rìn púpọ̀, kì í sábà yìn púpọ̀. Ara rẹ̀ á ti họ níbi tí àpò awọ ti ń há a, inú rẹ̀ á sì dà bí tuntun. Bí ẹ bá ń yin ọta 100 ní oṣù méjìméjì, 600 lọ́dún nìyẹn, 6,000 ní ọdún mẹ́wàá. Ìbọn onírin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, tó wúwo ju kílò 1 lọ, kò ka 6,000 sí nǹkan kan bí ẹ bá ń pààrọ̀ sípíríìngì rẹ̀ lásìkò. Èmi máa ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn bí 3,000. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló lè dẹ́rù bani bí ó bá là, nítorí ẹ kò ní rí òmíràn. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ 1911 pẹ̀lú, òun ni nọ́ńbà ìbọn wà lára rẹ̀, òun sì ni òfin kà sí ìbọn. Bí ó bá là, ìbọn tuntun lẹ óò rà.

1911 náà ní àìsàn tirẹ̀, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Èékánná tó ń fa ìkarahun ọta jáde lára rẹ̀ kò ní sípíríìngì. Irin gígùn kan ni, títẹ̀ tí a tẹ̀ ẹ́ ló ń fún un lágbára, ó sì máa ń rọ̀ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Bí ó bá rọ̀, ìkarahun á há lẹ́nu ọ̀nà. Ètè mágásíìnì rẹ̀ máa ń ṣí, ọta á wá máa dìde lọ́nà tí kò tọ́. Ọta olórí roboto ni wọ́n ṣe é fún ní 1911, nítorí náà àwọn tí wọ́n rọ láyé àtijọ́ kì í fẹ́ gbé ọta tí orí rẹ̀ ní ihò mì, bẹ́ẹ̀ ọta olórí-ihò ni èyí tó yẹ fún ààbò ilé, nítorí kì í tètè la èèyàn kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn ti òde òní ń gbé e mì dáadáa. Síbẹ̀, tí mo bá ka ìbọn tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ mi pé ó ń há, 1911 ló pọ̀ jù: apá kan nítorí pé òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ èèyàn, apá kan nítorí pé ẹni tó ní i kì í lè dẹ́kun fífọwọ́ kàn án. Bí ẹ̀yà bá ti pọ̀ lọ́jà, ọwọ́ á máa yún olówó rẹ̀ láti pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́.

Nísinsìnyí, ohun tí ọ̀rẹ́ yín kò mẹ́nu bà rárá, tí mo sì rò pé òun ló yẹ kó pinnu ọ̀rọ̀ yìí fún ilé tí ọmọ méjì wà, ni bí ọwọ́ ṣe ń lo ìbọn méjèèjì. Òòlù 1911 gbọ́dọ̀ ti wà lókè kí trígà rẹ̀ tó lè ṣe ohunkóhun. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò máa ń tọ́jú rẹ̀ báyìí: ọta wà nílé ọta, òòlù dìde, ìdènà ẹ̀gbẹ́ wà lókè. Bí wọ́n bá dì í mú, àtàǹpàkò á tẹ ìdènà náà sísàlẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ á tẹ ìdènà kejì tó wà lẹ́yìn èèkù, trígà tó kúrú tó sì fúyẹ́ á tú òòlù sílẹ̀. Kò sí trígà tó dùn ún fà tó o, mo sọ ọ́ láìṣojo. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń lọ sí pápá lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù méjì, àtàǹpàkò lè gbàgbé ìdènà náà lóru ọjọ́ tí àyà bá já, èyí tó sì burú ju ìyẹn lọ, ó lè gbàgbé láti gbé e padà sókè, ìbọn tí òòlù rẹ̀ dìde á wá máa bá èèyàn rìn láti yàrá sí yàrá. Àwọn mìíràn máa ń di òòlù náà mú kí wọ́n lè sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ọta, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Mo ti di ihò inú ògiri ìdáná ẹni tí àtàǹpàkò rẹ̀ yọ̀, Ọlọ́run ló yọ ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀. Àwọn 1911 tí kò ní ìdènà abẹ́rẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sì tún ní ewu mìíràn: bí wọ́n bá já bọ́ láti ibi gíga tí ẹnu wọn sì kọlu ilẹ̀ líle, abẹ́rẹ́ lè sáré síwájú fúnra rẹ̀.

4506 kò béèrè ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. Pẹ̀lú ọta nílé ọta, òòlù rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Trígà àkọ́kọ́ ló ń gbé òòlù sókè tó sì tún ń tú u sílẹ̀, ó gùn, ó sì wúwo, bíi kílò 5, kì í ṣe ohun tí ìka tó gbọ̀n lè fà láìmọ̀. Lẹ́yìn èyí, òòlù á dúró sókè fún ọta kejì, trígà á sì fúyẹ́. Bí ẹ bá ti yìn tán, ọ̀pá kékeré tó wà lára irin òkè, ẹ tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, òòlù á wálẹ̀ láìfọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ẹ kò ní fi àtàǹpàkò di ohunkóhun mú. Bí mágásíìnì bá sì ti jáde, kò ní yìn, bí ọta kan tilẹ̀ ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tó ní ọmọ nílé yóò mọ iyì èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fẹ́ kí ẹ gbára lé e dípò kí ẹ máa ṣí ilé ọta wò. Àbùkù rẹ̀ ni pé trígà àkọ́kọ́ àti ìkejì kò jọra, ọta àkọ́kọ́ sì máa ń lọ sísàlẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì mọ́ lára. Ìdìmú rẹ̀ nípọn, trígà rẹ̀ jìnnà sí ọwọ́ kékeré, nítorí náà kí ìyàwó yín dì í mú kí ẹ tó san owó. Bí ìka rẹ̀ kò bá dé ibẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ sì kíyè sí èyí gidigidi: ọ̀pá ti 4506, sísàlẹ̀ ni kò ní yìn, òkè ni yóò yìn, ìdènà ti 1911, òkè ni kò ní yìn, sísàlẹ̀ ni yóò yìn. Òdìkejì ara wọn ni wọ́n. Ẹni tó bá fi ọ̀kan kọ́ ọwọ́ kò gbọdọ̀ sáré mú èkejì lóru, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà yín níyànjú pé kí ẹ ra méjèèjì.

Bí mo bá wà ní ipò yín, pẹ̀lú ọmọ nílé, pẹ̀lú ìwọ̀nba ìgbà tí ẹ ń yìnbọn, 4506 yẹn ni n óò rà, ṣùgbọ́n n kò ní rà á nìkan. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni n óò ra sípíríìngì tí yóò tó fún ìpààrọ̀ mẹ́ta, mágásíìnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àti èèkù kan sí i, n óò sì dì wọ́n pa mọ́ sínú ọ̀rá pẹ̀lú òróró díẹ̀. Ẹ ṣírò owó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó pinnu. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ti sún mọ́ owó 1911 tó dára, àǹfààní rẹ̀ ti ń tán lọ, nítorí 1911 ni yóò yá tà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ sílé. Bí ẹ bá sì rí i nínú ara yín pé ẹ óò máa lọ sí pápá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ẹ óò sanwó fún olùkọ́, tí ẹ óò yin ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọta lọ́dún, ẹ gba ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín, ẹ ra 1911. Nígbà náà ni ọjà ẹ̀yà tó kún ìgboro yóò wúlò fún yín ní tòótọ́, ọwọ́ yín á sì ti mọ́ ọn débi tí àtàǹpàkò kò ní gbàgbé. Èmi fúnra mi, 1911 ló wà nílé mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni, mo sì ń yìn ín ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

Ká ní ẹ wá sọ́dọ̀ mi láìtíì fọkàn sí ọ̀kankan ni, ìbọn oníke tuntun tó ń jẹ ọta 9mm ni n bá kọ́kọ́ gbé sí yín lọ́wọ́: ó fúyẹ́, ọta rẹ̀ rọrùn, kì í ta ọwọ́ sẹ́yìn tó èyí, ẹ̀yà rẹ̀ sì wà. Ṣùgbọ́n ìbọn tó bá ọwọ́ èèyàn mu ni èèyàn máa ń gbé lọ fi kọ́ra, mo sì ka ohun tí ẹ sọ nípa bó ṣe rí lọ́wọ́ yín sí ẹ̀rí tó lágbára. Mo ń sọ gbogbo èyí láìtíì fojú rí ìbọn náà, kò sì sí alágbẹ̀dẹ tó lè fi lẹ́tà wo inú irin. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ ra àpótí onírin tó ń ṣí pẹ̀lú nọ́ńbà lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì kàn án mọ́ ilẹ̀ tàbí mọ́ ògiri. Orí kọ́bọ́ọ̀dù kì í ṣe ibi ìpamọ́, ọmọ ọdún mẹ́rin mọ bí a ṣe ń gun àga.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá padà lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò náà, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó dán an wò, kí ẹ yọ mágásíìnì, kí ẹ fa irin òkè sẹ́yìn, kí ẹ fi ojú àti ìka wo ilé ọta pé òfìfo ni. Ẹ tan iná wo inú ọ̀pá tí ọta ń gbà jáde. Bí ẹ bá rí òjìji dúdú tó yí inú rẹ̀ ká bí òrùka, ọta kan ti há síbẹ̀ rí tí wọ́n sì ti yin òmíràn lé e. Ẹ fi èékánná tọ ibi tí irin òkè ti ń sún lórí ìsàlẹ̀, bóyá ó ti là. Ẹ gbé òòlù sókè, kí ẹ fi àtàǹpàkò tì í láti ẹ̀yìn láìfọwọ́ kan trígà: kò gbọdọ̀ wálẹ̀. Ẹ ti mágásíìnì òfìfo bọ̀ ọ́, kí ẹ tẹ ọ̀pá kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sísàlẹ̀: òòlù gbọ́dọ̀ wálẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí trígà sì máa mì lásán láìgbé e dìde. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọ̀pá náà sókè padà, ẹ gbé òòlù sókè, ẹ yọ mágásíìnì, ẹ fa trígà. Bí òòlù bá wálẹ̀ láìsí mágásíìnì nínú rẹ̀, ẹnì kan ti tú ìbọn náà tó sì ti yọ ẹ̀yà kan kúrò níbẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó ṣe é àti ohun mìíràn tó tún fọwọ́ kàn, bí oníṣòwò náà kò bá sì rí èsì gidi fún yín, ẹ fi í sílẹ̀ lórí àtẹ rẹ̀.